Èló Ni Férémù?

Tí ẹ bá bi atúnkẹ̀kẹ́ṣe léèrè iye tí táyà jẹ́, yóò ti sọ ọ́ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Túùbù, ṣéènì, sípóòkì tó ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iye gbogbo wọn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń ta férémù. Yóò gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò wo kẹ̀kẹ́ yín, ìbéèrè ni yóò sì fi dá yín lóhùn: "Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?"

Kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ́ yín jẹ. Ní Òkè-Ọdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn nílẹ̀ Ìgbómìnà, ìpínlẹ̀ Kwara, férémù kò ní iye kan tó dá dúró. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ìsọ̀ tí wọ́n gbé òun nìkan kọ́ sí bí wọ́n ṣe ń gbé táyà kọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ férémù yóò rí i pé nǹkan mẹ́rin, márùn-ún mìíràn ni òun ń sanwó fún. Ibì kan wà láyé tí férémù ti kéré jù nínú owó náà. Ibòmíràn wà tí òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Òkè-Ọdẹ wà lára ti ẹ̀yìn yìí, ohun tó sì fà á jìnnà sí abẹ́ igi tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe jókòó sí.

Férémù ni ohun tó máa kù tí a bá tú ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọwọ́, ìjókòó, pẹ́dà àti ṣéènì kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá irin oníhò ni, tí wọ́n so pọ̀ ní igun mẹ́ta. Ọ̀kan gba òkè láti abẹ́ ìjókòó dé ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú, ọ̀kan dagun wá sílẹ̀ láti ọrùn sí ibi pẹ́dà, ọ̀kan dúró ṣánṣán lábẹ́ ìjókòó. Púpọ̀ nínú wa mọ igun mẹ́ta yìí kí a tó mọ̀wé kà: àárín rẹ̀ la ti ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ pẹ́dà kejì nígbà tí gíga wa kò tíì tó ọ̀pá òkè, tí a ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ gun kẹ̀kẹ́ bàbá wa lọ bí alákàn. Lẹ́yìn igun mẹ́ta ńlá náà ni àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin wà, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, tí wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Ọwọ́ àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ẹjọ́ pọ̀ sí.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú kẹ̀kẹ́ yìí, ènìyàn kan ló rò pé yóò máa gùn ún, bóyá pẹ̀lú àpò kékeré kan lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Iṣu, igi ìdáná, kẹ́ẹ̀gì omi, àpò gààrí, ìyàwó tó pọn ọmọ, orí kárìyà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Kì í sì ṣe ẹrù ọjọ́ kan ló ń ṣẹ́ férémù. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kó sí kòtò ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń tẹ̀ díẹ̀, tó sì ń padà sípò. Nígbà tó bá ti tẹ̀, tó ti padà, ní àìmọye ìgbà, ojú kan yóò là lábẹ́ ọ̀dà. Omi òjò yóò wọ ibẹ̀, irin yóò máa dógùn-ún láti inú. Ọjọ́ tí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá rí i, ó ti pẹ́ tó ti ṣẹ̀lẹ̀. Ti iwájú yàtọ̀. Èyíinì kì í pẹ́: kẹ̀kẹ́ kọlu òkúta tàbí ọ̀kadà, ọ̀pá tó dagun sì ká kò lábẹ́ ọrùn. Àwọn kan á ní kí wọ́n bá àwọn nà án padà. Wọ́n lè nà án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti ká kò yẹn ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì padà sí.

Láyé àtijọ́, tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ké. Reluwé láti Èkó dé Ìlọrin ní 1908, ọjà òyìnbó sì ń bá a gòkè, ó ń sọ̀ ní Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó ń wọ inú ilẹ̀ Ìgbómìnà láti ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wà lára rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún ni tíṣà, akọ̀wé kóòtù, ajíhìnrere, àwọn tó ń ra irè oko fún ilé iṣẹ́ òyìnbó, àti wolé-wolé tí àwọn ìyá wa ń sáré bo ìkòkò omi nítorí rẹ̀. Ìjọba máa ń yá òṣìṣẹ́ kékeré lówó láti ra kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, bí wọ́n ṣe wá ń ṣe ti mọ́tò fún àwọn ọ̀gá nígbà tó yá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Òsómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó ń tà láwìn káàkiri ìletò, tí wọ́n ń di ìdì aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti ọjà dé ọjà. Ẹni tó gbé aṣọ láwìn lè rò pé òun ti bọ́, kẹ̀kẹ́ Òsómàáló á tún yọ lọ́jọ́ tí àdéhùn pé.

Raleigh lorúkọ rẹ̀ dún jù, láti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1880. Humber àti Rudge wà. BSA, Hercules àti Phillips wá láti Birmingham. Àwọn bàbá máa ń bára wọn jà lórí èwo ló lágbára jù, wọn kò sì mọ̀ pé ilé kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń di. Raleigh ra Humber ní 1932, ó ra Rudge ní 1943, ó ra ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ BSA ní 1957. Nígbà tó di 1960, ilé iṣẹ́ Tube Investments, tó ti ni Hercules àti Phillips lọ́wọ́, gba Raleigh fúnra rẹ̀. Orúkọ ló yàtọ̀ lára férémù. Àpò kan lowó ń wọ̀.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tó ṣì ń ná àwọn ènìyàn lówó títí dòní. Ní ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí irin tó so pẹ́dà méjèèjì pọ̀ ti gba inú kọjá, ihò kan wà tí wọ́n gé ìlà sí nínú, irú ìlà tó wà lára bóòtì. Nígbà náà, àwọn tó kù ń gé ìlà 24 sínú íǹṣì kan. Raleigh ń gé 26. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tó bá tú ife béárìn kúrò lára Raleigh, tó fẹ́ yí i bọ inú férémù mìíràn, yóò yí i títí, kò ní wọlé. Tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ife bàjẹ́, férémù tuntun náà sì bàjẹ́. Ti ọrùn náà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó lọ wá férémù yóò tún wá ife, yóò wá béárìn tuntun, ó sì ṣeé ṣe kó wá irin pẹ́dà tó bá wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí n tún ka díẹ̀ sí i. Apá pẹ́dà àwọn kẹ̀kẹ́ yìí, ìṣó irin kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tà ló dè é mọ́ irin àárín. Tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, kì í jáde pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yóò fi òòlù gbá a, orí rẹ̀ yóò tẹ̀, yóò sì di dandan kí ẹ ra òmíràn. Pẹ́dà òsì ń tú sí ìhà òdìkejì sí ti ọ̀tún. Ọmọṣẹ́ tí kò mọ èyí yóò rò pé ṣe lòun ń tú u, yóò máa dè é le sí i títí ìlà rẹ̀ á fi jẹ. Bíréèkì onírin tí wọ́n fi ọ̀pá gùn láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá gígùn férémù mu. Tí férémù tuntun bá fi díẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bíréèkì kò ní mú mọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọn ó tó wá tún ẹsẹ̀ gbé wọlé, tí wọn ó tó fa ṣéènì le. Iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ ni fún ẹni tó mọṣẹ́, ìyẹn bí gbogbo irinṣẹ́ bá wà níbẹ̀, tí òjò kò sì lé e wọlé.

Ọ̀rọ̀ ààbọ̀ ọjọ́ yìí ló sọ Òkè-Ọdẹ di òdìkejì Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Ìlú Ọba, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin gbà pé kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan. Lọ́dún yẹn, pọ́ọ̀nù kan ń lọ sí nǹkan bí ₦2,000. Ẹ fi ṣe ìṣirò: wákàtí mẹ́ta òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀ ti lé ní ₦73,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000. Wákàtí mẹ́ta ti ọ̀hún ju oṣù kan wa lọ. Ìsọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀ kò sì lè gba £12.21 lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí yóò san owó ilé, yóò san owó orí, yóò ra irinṣẹ́. Ìlọ́po rẹ̀ ló máa ń gbà. Nítorí èyí, tí férémù kẹ̀kẹ́ kan tí kò wọ́n bá ṣẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, owó iṣẹ́ nìkan lè ju iye tí wọ́n fi ra kẹ̀kẹ́ náà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá mìíràn máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fọwọ́ sọ̀yà lórí férémù títí ayé ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Férémù ni wọn yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ẹni tó máa tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀, tó máa tún un tò, ọwọ́ yín ló wà.

Òyìnbó á wá gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí, yóò ra òmíràn. Ẹnì kan yóò gbé e sínú kọ̀ǹténà. Báyìí ni tòkunbọ̀ ṣe ń dé.

Ní Òkè-Ọdẹ, owó iṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yóò lo ààbọ̀ ọjọ́ náà, iye tí yóò gbà kò ní tó ìdá díẹ̀ lára iye irin tó ń so pọ̀. Irin ló wọ́n. Nítorí pé férémù lásán ṣọ̀wọ́n, ẹni tó fẹ́ ẹ yóò lọ ra odindi kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, yóò yọ férémù rẹ̀, yóò sì kó ìyókù dà sí igun ilé. Ìṣirò yìí dà bí ọgbọ́n títí ẹ ó fi gbé tòkunbọ̀ náà délé. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ òyìnbó ń jù sọ́nù lónìí kì í sábà jẹ́ irú tí bàbá wa ń gùn. Ẹsẹ̀ íǹṣì 26 tó sanra ló wà lára rẹ̀. Ti bàbá wa jẹ́ íǹṣì 28, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Férémù ọ̀kan kò gba ẹsẹ̀ èkejì dáadáa. Kò sí ojú ibi tí kárìyà onírin wa yóò jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe irin, alumíníọ́mù ni, tí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kò lè jó: ó fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn àti gáàsì mìíràn tí kò sí nílé rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́, ó ti parí nìyẹn.

Ìyókù, ẹ ra kẹ̀kẹ́ tuntun láti Ṣáínà tàbí Íńdíà, irú Phoenix láti Shanghai tàbí Hero láti Ludhiana, tí wọ́n ṣì ń ṣe é lórí àwòṣe àtijọ́, ẹsẹ̀ íǹṣì 28, kárìyà onírin àti gbogbo rẹ̀. Nottingham fúnra rẹ̀ ti dá kíkó kẹ̀kẹ́ jọ dúró ní 2002. Àwọn tó ń wá Raleigh tuntun bíi ti ìgbà wolé-wolé, ọjà ìrántí ni wọ́n ń ná.

Ṣùgbọ́n dọ́là la fi ń ra ti Ṣáínà àti ti Íńdíà. Títí di ìdajì ọdún 2023, ìjọba so náírà mọ́ nǹkan bí ₦460 sí dọ́là kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ tú okùn náà. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé àárín, dọ́là kan ti kọjá ₦1,400. Kò sí ohun tó yí padà lára férémù. Irin kan náà ni, ọ̀dà kan náà. Ìlọ́po mẹ́ta ni owó rẹ̀ ní náírà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan di èyí tó lé ní ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró níbẹ̀. Àwọn tó wà nílùú ńlá sọ pé èyí á dá àwọn ènìyàn padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó dùn-ún gbọ́. Wọ́n gbàgbé pé epo kan náà ni wẹ́dà ń bù sínú jẹnẹrétọ̀ kó tó lè jó férémù tó ṣẹ́, àti pé epo ló gbé férémù náà láti etíkun wá.

Wẹ́dà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń padà sí lọ́wọ́. Tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, òun ló ń pààrọ̀ férémù ní Òkè-Ọdẹ, ní Bàbáńlá, ní Ọ̀rọ̀-Àgọ̀, díẹ̀díẹ̀, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, títí kò fi ní sí ibi tí kò jó rí lára rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí sì máa ń wáyé níwájú ìsọ̀ rẹ̀:

"Bàbá, mo lè jó o fún yín o. Ṣùgbọ́n ẹ má tún di iṣu mọ́ ọn."

"Tí n kò bá di iṣu mọ́ ọn, kí ni mo fẹ́ máa fi ṣe?"

"Ẹ máa fi lọ sí mọ́ṣáláṣí, sà."

"Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìnkùlé mi. Jó o, ọmọ mi, jó o kó le."

Àwọn méjèèjì ló jàre. Àwọn tó ṣe férémù náà ní Nottingham àti Birmingham kò jó irin mọ́ irin. Wọ́n ti ẹnu ọ̀pá méjì bọ inú ẹ̀wù irin kékeré kan, wọ́n sì yọ́ idẹ sí àárín wọn. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900°C. Irin kò ní yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bí 1,500°C. Idẹ yóò ti ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ọ̀pá yóò sì gbóná lásán, kò ní yọ́. Iná wẹ́dà onímànàmáná kò mọ èyí: irin fúnra rẹ̀ ló ń yọ́. Ara ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kò nípọn ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Tí ọwọ́ wẹ́dà bá wúwo, ihò yóò lu; tí kò bá lu, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó jó yóò gan, yóò di ẹlẹgẹ́. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tó tún ṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n jó o. Kì í ṣẹ́ lójú ibi tí wọ́n jó gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń ṣẹ́, wẹ́dà á sì fi ìgbéraga tọ́ka sí i pé iṣẹ́ tòun ṣì wà níbẹ̀ gbọin.

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń gé rọ́ọ̀dù ìkọ́lé kan, wọ́n á tì í bọ inú ọ̀pá méjèèjì kí wọ́n tó jó o. Kẹ̀kẹ́ á wúwo sí i, ṣùgbọ́n á gbẹ́rù. Tèmi ni pé kí ẹ wá pánẹ́bítà tó ní gáàsì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi idẹ jó nǹkan, kódà kó jẹ́ Àjàṣẹ́-Ìpo lẹ ó ti rí i. Owó rẹ̀ yóò ju ti wẹ́dà lọ. Ẹ kò ní padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Rọ́ọ̀dù yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn oníkóńdẹ́mù, tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra àlòkù irin, máa ń ra férémù tó ti kọjá àtúnṣe, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń rà á. Irú irin bẹ́ẹ̀ ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń yọ́ irin àlòkù, ó sì ń jáde bíi rọ́ọ̀dù ìkọ́lé. Férémù lè padà wá bẹ́ẹ̀ sínú ikùn férémù mìíràn. Kò lè padà wá bí ọ̀pá oníhò tó fẹ́lẹ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ìyẹn fún kẹ̀kẹ́ kò sí nítòsí wa.

Ó sì yẹ kó wà nítòsí. Àjàókùta, tí ìjọba dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú àwọn ará Soviet, inú ìpínlẹ̀ Kwara ló wà nígbà yẹn, kó tó bọ́ sínú Kogi ní 1991. Ọmọ Ìgbómìnà àti ọmọ Ẹ̀bìrà ń jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà nígbà tí wọ́n ń sọ fún wa pé irin tiwa ti fẹ́ dé. Ilé ìyọ́rin ńlá náà kò tíì yọ́ irin kankan fún ọjà títí di ìsinsìnyí. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé ká ní Àjàókùta ń ṣiṣẹ́ ni, férémù ì bá pọ̀ nílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìpele kìíní tí wọ́n yà sórí ìwé níbẹ̀ jẹ́ ti irin gbọọrọ fún ìkọ́lé, rọ́ọ̀dù àti wáyà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká di ọ̀pá oníhò, ìpele tó wà lẹ́yìn nìyẹn jẹ́. Kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀ kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ti fi í sọ́kàn níbòmíràn. Ẹgbẹ́ World Bicycle Relief, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 lẹ́yìn àkúnya omi òkun tó pa àìmọye ènìyàn ní Éṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Buffalo lọ sí Zambia àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ó wúwo, kò lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe kárìyà rẹ̀ kó lè gbé ẹrù 100 kg, wọ́n sì ń kọ́ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìletò níṣẹ́, wọ́n ń rí i dájú pé ohun ìpààrọ̀ rẹ̀ wà lọ́jà. Ẹni tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹrù ẹ̀yìn, níbi tí tiwa ti ń ṣẹ́.

Ní Ghana, Bernice Dapaah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2009, wọ́n ń fi ọparun ṣe férémù ní agbègbè Kumasi. Wọn á gé ọparun, wọn á sá a gbẹ dáadáa, wọn á fi òwú àti oje tó ń gan di oríkèé rẹ̀. Ọparun kò wọ́n wa nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹni tó bá sì ti rí òrùlé tó gùn lórí ọparun fún ogún ọdún kò ní rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wọn ni òkèèrè ń rà. Ihò ọrùn àti ihò pẹ́dà ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, oje tó ń gan náà sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, kì í ṣe ti inú igbó. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dán an wò ní Ọ̀mù-Àrán, ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún àgbẹ̀ kankan pé kó dúró dè é.

Ohun kan wà tí ènìyàn kì í kà mọ́ owó férémù, àfi lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Nọ́mbà kẹ̀kẹ́, ara férémù ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, lábẹ́ ìjókòó tàbí lábẹ́ ibi pẹ́dà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, kà á sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Ó túmọ̀ sí pé Ṣàárẹ́, olú ìlú Ìfẹ́lódùn, ló ni ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ Òkè-Ọdẹ. Láyé òyìnbó, wọ́n ń gba owó rẹ̀, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní àmì irin kékeré kan tí yóò máa hàn lára kẹ̀kẹ́. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń gba inú igbó nítorí àwọn tó ń yẹ àmì náà wò. Lónìí, ta ló ń béèrè rẹ̀? Síbẹ̀, ẹni tó pààrọ̀ férémù ti pààrọ̀ nọ́mbà. Rìsíìtì tó wà nílé ti di ti kẹ̀kẹ́ mìíràn. Tí férémù náà bá wá láti ara tòkunbọ̀ tí ẹnì kan jí gbé lọ́nà jíjìn, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ yín tó lè sọ pé ẹ kò sí níbẹ̀. Bébà kékeré kan tí ẹni tó ta férémù kọ nọ́mbà sí, tó sì fọwọ́ sí, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì lọ. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó bá ń kọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹsán ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu Òkè-Ọdẹ, wọ́n sì pa nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń dáàbò bo ìlú. A kò lè máa sọ̀rọ̀ férémù ká ṣe bí ẹni pé èyí kò ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀, oko ló ń lọ, oko tó jìnnà ló sì ń jẹ́ kó tó owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti kọjá ẹ̀yìn ìlú ju ìwọ̀nba kan lọ ti sún mọ́lé, iṣu tó ń gbé ti dín kù, ìṣirò rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ṣì ń gbé ẹrù wúwo lọ síbi tó jìnnà kò gbọ́dọ̀ ná kọ́bọ̀ sórí jíjó: kó dá owó jọ, ì báà jẹ́ nínú èésú, kó ra kẹ̀kẹ́ onírin tuntun lódindi, kó sì fi ti àtijọ́ ṣe ohun ìpààrọ̀, tí ìlà bóòtì wọn bá bára mu. Ẹni tó ń lọ láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé, kó jẹ́ kí pánẹ́bítà fi idẹ jó o fún un, kó yọ kárìyà kúrò tàbí kó má di ohun tó ju àpò kan lọ mọ́ ọn. Ti ẹni tó fẹ́ ra odindi tòkunbọ̀ nítorí férémù rẹ̀, kó kọ́kọ́ mú téèpù lọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì gbé òòfà kékeré dání. Tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà, kó fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.